Ọmọ Ọ̀yọ́ Tó Ń Yin Eré Tó Bú Ọ̀yọ́: Èwo Ni Ká Wò, Èwo Ni Ká Fò?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ka àwọn ìdájọ́ kéékèèké tí ẹ ń ṣe lórí sinimá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Ẹ ní The Woman King dára, eré tó sọ àwọn baba ńlá wa di ẹranko. Ẹ tún ní House of Ga'a, tí í ṣe ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an, kò kún tó. Ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín àbí ọmọ Dàhòmì? Ẹ̀ẹ̀kejì, dátà ti gbówó lórí. Tákíé ni mo ti ń tún fóònù ṣe, alẹ́ nìkan ni mo ń ráyè, mi ò lè máa wo gbogbo ohun tó bá jáde. Nínú àwọn tó ti jáde láti bí ọdún mélòó kan wá, èwo ni kí n wò, èwo ni kí n fò? Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí.

*

Àbúrò mi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Ìyẹn kò ní kí n má sọ ohun tí ojú mi rí.

The Woman King jáde ní ọdún 2022. Gina Prince-Bythewood ló darí rẹ̀, Viola Davis ló ṣe olórí àwọn jagunjagun obìnrin Dàhòmì. Ọdún 1823 ni wọ́n gbé ìtàn náà kà, nígbà tí ọba Ghezo fẹ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìṣákọ́lẹ̀ tí Dàhòmì ń san fún Ọ̀yọ́. Ẹ̀sùn tí àwọn ará ilé wa fi kan eré náà kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ kankan nínú rẹ̀ tó jọ ènìyàn. Wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n ń kó ẹrú, wọ́n ń kú. Kò sí èyí tó ní ìyá nínú wọn. Òótọ́ ni ẹ̀sùn yìí, ó sì dun èmi náà.

Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé wọ́n ní torí pé ó dùn wá, eré náà kò dára. Mi ò gbà. Wo obìnrin yẹn, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n ya eré náà, wo bí ara rẹ̀ ṣe ń gbé ogun. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ìwọ náà sì ń rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Ìbínú tó ń jẹ ẹ́ nínú ní ìdí, wọ́n sì ń tú ìdí náà fún wa díẹ̀díẹ̀, débi pé nígbà tó bá fà yọ, a ti mọ ohun tó ná an. Ohun tí mò ń wá nínú eré nìyẹn, ì báà jẹ́ ilé baba mi ni wọ́n ń jó níná nínú rẹ̀.

Irọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Eré náà ṣe é bí ẹni pé Dàhòmì fẹ́ fi epo pupa rọ́pò òwò ẹrú, tí Ọ̀yọ́ sì ń dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀yọ́ ta ẹrú, kò sí àríyànjiyàn. Ghezo náà tà á, ó sì ń tà á lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó bọ́ lọ́wọ́ wa, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ọkọ̀ ogun wá dí etíkun rẹ̀. Àwọn jagunjagun obìnrin yìí kan náà wà nínú ogun tó ya bo Abẹ́òkúta ní 1851, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìdájọ́ mi: wò ó, gbádùn rẹ̀, má fi kọ́ ọmọ nítàn.

Bí o bá fẹ́ Dàhòmì tí kò ní àbùmọ́, wá Dahomey tí Mati Diop ṣe ní 2024. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè Benin, ibi tí Dàhòmì wà láyé àtijọ́, ní 2021 ni wọ́n tẹ̀ lé láti Paris títí dé ilé. Òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún sinimá Berlin lọ́dún yẹn, kò sì ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, dátà rẹ kò ní sunkún. Nígbà tó dé ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n ń bínú pé kí ni 26 jẹ́ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ṣì wà lọ́hùn-ún, mo dá a padà mo sì tún un wò.

*

Ẹlòmíràn ti dá sí i: "Ẹ kàn ń wá àléébù sára Bolanle Austen-Peters tó ṣe House of Ga'a ni. Obìnrin náà náwó, ó gbé orúkọ Ọ̀yọ́ jáde fún gbogbo ayé. Kí lẹ tún fẹ́?"

Mo fẹ́ Gáà. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílùú Ọ̀yọ́ tí kò gbọ́ ọ rí pé "Bí o láyà o ṣe ìkà, bí o rántí ikú Gáà o ṣe òtítọ́." Ọ̀pọ̀ wa ló ti ka eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí rẹ̀, a mọ bó ṣe parí kí a tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá wá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ dáhùn ohun tó ń ṣe wá ní kàyéfì: báwo ni Baṣọ̀run kan, tí kì í ṣe ọba, ṣe rán Aláàfin mẹ́rin lọ sọ́run láàárín 1754 sí 1774, tí ìlú sì ń wò ó níran?

Oògùn nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ńlá Ọ̀yọ́, jẹ́ méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn, àwọn ló sì láṣẹ láti kọ ọba. Bí wọ́n bá ti gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún Aláàfin, ó ti parí, ọba gbọ́dọ̀ kú. Ìyẹn nìkan tó eré wákàtí méjì. Ọkùnrin méje jókòó sínú yàrá kan: kí ni ẹni àkọ́kọ́ ń bẹ̀rù, kí ni Gáà ṣèlérí fún ẹnì kejì, ta ni ẹ̀kẹta jẹ ní gbèsè? House of Ga'a (oṣù keje ọdún 2024 ló bọ́ sí Netflix) kò dúró tó níbẹ̀, ó sáré lọ síbi idà àti ẹ̀jẹ̀. Femi Branch tó ṣe Gáà ṣe é dáadáa. Ó mọ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ tí ẹ̀rù á fi ba àwọn tó kù, òun ló sì gbé eré náà dúró. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí òun àti ìwọ̀nba díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń sọ Yorùbá ààfin bí ẹni tó há a sórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀sùn kan wà tí mi ò bá wọn fi kàn án: pé wọn kò ya á ní Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ wo? Ọ̀yọ́ Ilé ni Gáà gbé, ibẹ̀ sì ti di igbó lápá àríwá lọ́hùn-ún, nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba fi orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé pè. Àtìbà ló tẹ Ọ̀yọ́ tí a wà yìí dó ní Àgọ́ Ọjà, ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn ikú Gáà. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà wá síwájú ọjà Àkẹ̀sán, eré náà kò ní jẹ́ òótọ́ ju bó ṣe wà yìí lọ.

Wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó o sì wá ti Fálétí kà.

*

"Lísàbí ńkọ́? Àwọn Ẹ̀gbá ní kí àwa ará Ọ̀yọ́ wò ó ká gbọ́n."

Wọn ò parọ́. Lateef Adedimeji ló ṣe Lísàbí, Niyi Akinmolayan ló darí rẹ̀. Apá kìn-ín-ní jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìkejì ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Nínú èyí náà, àwa la jẹ́ ìkà: ìránṣẹ́ Aláàfin ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tẹ ọmọ onílé mọ́lẹ̀ níwájú baba rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òwòdé la ti jọ wò ó, ọkùnrin kan sì bínú dìde pé irọ́ gbáà ni. Mo bi í pé ṣé ó ti ka ìwé ìtàn Samuel Johnson. Ìlú Ọ̀yọ́ níbí ni Johnson ti ṣe pásítọ̀, ó fẹ́ràn Ọ̀yọ́ dé góńgó, síbẹ̀ kò bo ìwà àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, àti ajẹ́lẹ̀, aṣojú ọba, mọ́lẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn wa bá lè kọ ọ́, ẹni tó jẹ ìyà rẹ̀ láṣẹ láti fi í ṣeré.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni àáró. Lísàbí kó àwọn ọkùnrin jọ kí wọ́n máa bá ara wọn ro oko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tó ń ṣọ́ wọn sì rò pé oko ni wọ́n ń ro. Ogun ni wọ́n ń kọ́. Nínú gbogbo àwọn eré onídà tí a ń wò láti ọdún mélòó kan wá, díẹ̀ ló rántí pé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jagunjagun láyé àtijọ́, pé ẹni tó máa jà lọ́la ní iṣu láti gbìn lónìí. Apá kejì kò tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ìṣọ̀tẹ̀ ti yọrí, eré náà kò mọ ohun tí yóò fi ọkùnrin náà ṣe mọ́, ó wá fi oògùn dí àlàfo. Wo ìkíní. Ìkejì, bí dátà bá ṣẹ́ kù.

*

Ìyá kan bèèrè lọ́wọ́ mi pé: "Àwọn kan ní ìhòòhò ti pọ̀ jù nínú Aníkúlápó, àwọn kan ní òun ló dára jù nínú gbogbo eré Yorùbá. Ẹ là wá."

Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a wà nígbà tí a wò ó. Oṣù kẹrin 2022 ni Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà. Kí ọdún náà tó tán, eré méjì lórí ààfin Ọ̀yọ́ ti dé orí Netflix: Aníkúlápó ní ìparí oṣù kẹsàn-án, Elesin Oba ní oṣù kọkànlá. Ìtẹ́ ṣófo. Ẹni tó bá wà nílùú yìí lákòókò náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọba àti ikú ọba ṣe rí létí wa. A ò lè fi ojú lásán wo èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìgbòjàyè ní Òkè-Ògùn ni Kunle Afolayan ti ya Aníkúlápó, ìpínlẹ̀ wa níbí, níbi tó kọ́ abúlé sinimá sí. Ó hàn. Ògiri amọ̀ yẹn, amọ̀ ni. Eruku ẹsẹ̀ àwọn òṣèré náà, eruku Òkè-Ògùn ni. Sáró, ahunṣọ òfì tó wọ̀lú láìní nǹkan kan, ni Kunle Remi ṣe. Bimbo Ademoye ló ṣe Arọ́lákẹ́, ìyàwó Aláàfin tó kéré jù. Sola Sobowale ló ṣe Awarun, obìnrin olówó tó gba Sáró sílé. Nígbà tí àṣírí tú pé Sáró ń bá ìyàwó ọba lò, wọ́n lù ú pa.

Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jù sí nínú igbó. Ẹyẹ Àkàlà bà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ẹyẹ yìí ló ń jí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Arọ́lákẹ́ lúgọ, ó ń wò ó. Ó lè sá lọ, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ó dojú kọ ẹyẹ yẹn, adó agbára náà sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Lójú mi, ibẹ̀ ni gbogbo eré náà wà. Obìnrin ló fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu gba agbára, obìnrin ló gbé e fún ọkùnrin, ọkùnrin náà lo ó títí ó fi di ẹni ńlá, ó wá gbàgbé ẹni tó fi í lé e lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Nígbà tó ní ọmọ ọba ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún òun kí òun tó jí òkú, mo ti mọ̀ pé ó ti tán fún un, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìhòòhò: díẹ̀ tó fún ìtàn, wọ́n fi púpọ̀ kún un. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú àna tàbí ọmọ kó dúró di ìgbà tí ilé bá dá. Àléébù tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n ju Awarun nù. Nígbà tí obìnrin yẹn kò sí lójú agbo mọ́, eré náà fúyẹ́. Ní ti apá onípele tó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 2024, wọ́n fa ọ̀rọ̀ tó ti parí gùn. Ẹ fò ó.

Elesin Oba ló ṣòro jù fún mi láti dá lẹ́jọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka ló kọ eré orí ìtàgé tí wọ́n gbé e kà, ìwé náà sì jáde ní 1975. Ìlú Ọ̀yọ́ yìí ni ohun tó fa ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí òyìnbó aláṣẹ ìjọba dí Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó yẹ kó bá Aláàfin tó wàjà kú, lọ́wọ́. Biyi Bandele tó darí fíìmù náà kú ní oṣù kẹjọ 2022, kò dúró rí i nígbà tó jáde. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ni Odunlade Adekola. Wọ́n ní ẹni tó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí kò lè ṣe Ẹlẹ́ṣin. Èmi ní òun gan-an ló yẹ. Ẹlẹ́ṣin jẹ́ ẹni tí ayé dùn mọ́. Ó fẹ́ràn ọjà, ó fẹ́ràn obìnrin, ó fẹ́ràn aṣọ. Bí wọ́n bá gbé e fún òṣèré tí ojú rẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ikú yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tí a bá Odunlade rín ní ìdajì àkọ́kọ́ ni owó tí a san fún omijé ìdajì kejì. Shaffy Bello tó ṣe Ìyálọ́jà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ni kò sí ẹ̀mí lára wọn, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ló ń falẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ sì ní sùúrù.

*

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní: "Ẹnu, ẹnu, ohùn, ohùn ni ẹ ń tẹnu mọ́. Àwòrán ni sinimá. Ta ló ń fetí sí ìyẹn?"

Onílù ń fetí sí i. Mo bá bàbá àyàn kan jókòó lẹ́bàá ààfin lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ń wo eré ọba kan lórí fóònù, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ọba. Aṣọ dára, ìlẹ̀kẹ̀ dára, àwọn ọmọge ń jó. Bàbá kò tilẹ̀ wo fóònù náà, ó ń fa awọ dùndún rẹ̀ le. Ó gbọ́ ìlù tó ń dún nínú eré náà, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ta ló kú?" Ọmọ ní kò sẹ́ni tó kú, ìyàwó ni wọ́n ń gbé. Bàbá ní, "Ẹni tí wọ́n ń lu ìlù yẹn fún ti kú."

Ìlù òkú ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀, tí wọ́n fi sábẹ́ ìgbéyàwó. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí eré náà tó gbọ́ ọ, ó sì dá mi lójú pé onílù kan wà lórí ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán tí wọn ò bi léèrè. Mi ò ní kí gbogbo òǹwòran gbọ́ ìlù. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fi ààfin ṣeré, tó ná owó rẹpẹtẹ lórí ìlẹ̀kẹ̀ àti àrán, kó san owó ọkọ̀ fún àyàn kan kó wá jókòó tì í.

*

"Ṣé eré ọba nìkan lẹ ń wò ni? Àwa tí a fẹ́ nǹkan mìíràn ńkọ́?"

Ó yá. Ti oníbọn: The Black Book, 2023. Richard Mofe-Damijo ni díákónì tó ti fìgbà kan jẹ́ apààyàn, wọ́n sì pa ọmọ rẹ̀ lórí ẹ̀sùn èké. Wò ó. Ọkùnrin yẹn kò pariwo, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbẹ̀yìn gùn jù.

Gangs of Lagos, 2023, Jade Osiberu. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó fárígá pé wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ àwọn apààyàn. Àbúrò mi tó bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ náà nìyẹn, Èkó ló kàn bá a. Ẹ̀hónú wọn tọ́, ó yẹ kéèyàn bi onílé kó tó wọ aṣọ onílé jáde. Eré náà sì dára síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ dàgbà ládùúgbò kan, tí ìfẹ́ àárín wọn àti owó ẹ̀jẹ̀ jọ ń gbé inú wọn, wọ́n ṣe é débi tí mi ò fi lè kórìíra ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ti ẹ̀rín: A Tribe Called Judah, ti Funke Akindele, tó dé sinimá ní oṣù kejìlá 2023. Òun ni fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà. Ìyá kan, ọmọkùnrin márùn-ún, baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fẹ́ jalè kí ìyá wọn lè rí owó ìtọ́jú kíndìnrín. Ìbàdàn ni mo lọ wò ó, gbogbo ilé ń rín. Àwọn tó ń pè é ní eré aláriwo kò wo ojú ìyá yẹn dáadáa. Wò ó.

Ti ẹkún: Breath of Life, tí BB Sasore ṣe ní 2023. Ìbàdàn ni ìtàn náà wà. Wale Ojo ni bàbá tí ìbànújẹ́ ti sọ di òkúta, Chimezie Imo ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn sinimá Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní AMVCA, ní 2024. Ó dùn jù díẹ̀ níparí, síbẹ̀ mo sunkún.

Mami Wata ti C.J. Obasi, 2023, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ tín-ín-rín. Àwòrán rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún sinimá Sundance, ó tọ́ sí i. Má fi fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ wò ó.

Ti orin: Ayinla, tí Tunde Kelani ṣe ní 2021, lórí Àyìnlá Ọmọwúrà ọba àpàlà, tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980. Bó o bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu bí omi, eré yìí ni. Wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti adẹ́rùbani: Sinners, ti Ryan Coogler, 2025. Michael B. Jordan ló ṣe ìbejì méjèèjì, ní Mississippi ọdún 1932. Àwa tí a mọ ìbejì, a mọ̀ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í dúró bákan náà, kì í wo èèyàn bákan náà. Jordan mọ̀ ọ́n. Wàá dá wọn mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ibì kan wà tí ọmọ pásítọ̀ ta gìtá, tí àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí wọlé wá jó pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀. Mi ò retí ìyẹn lọ́wọ́ eré amùjẹ̀. Bí o kò bá wo nǹkan mìíràn láti òkè òkun lọ́dún yìí, wo èyí.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé wò: My Father's Shadow, ti Akinola Davies Jr, 2025. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn tí àjọ̀dún Cannes yàn gan-an. Baba kan, tí Sope Dirisu ṣe, mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ sí Èkó ní oṣù kẹfà 1993, bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì ìbò tí wọ́n padà fagi lé. Ọ̀yọ́ níbí ni Aláàfin Adéyẹmí ti fi Abíọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1988, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n eré náà kò fi òṣèlú dá wa lágara. Ojú àwọn ọmọ yẹn la fi ń wo gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń kí baba wọn lójú títì, ẹni tó jẹ baba wọn lówó oṣù, àwọn sójà. Àwọn ọmọ ń wo baba tí wọn kì í rí nílé, wọ́n ń gbìyànjú láti mọ ẹni tí í ṣe kí ọjọ́ tó lọ. Ẹni tí baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ lókèèrè yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

*

Oníṣòwò kan kọ̀wé pé: "Gbogbo èyí tí ẹ ń kà sílẹ̀, Netflix, Cannes, ti olówó ni. YouTube làwa ń wò. Ẹ kàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú eré tiwa."

Rárá o, mà. Mo ń wò wọ́n, mo sì fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré ibẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ń gbé ẹ̀bùn fún lọ. Ọ̀rọ̀ ìyàálé àti ìyàwó, ìyá ọkọ, ọmọ tó gbé owó baba sá, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín àti nílé mi nìyẹn, ọ̀pọ̀ eré olówó kò sì mọ̀ ọ́n sọ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní sí wọn kò ju bí wọ́n ṣe ń jẹ dátà yín lọ. Ẹ tún èyí tí ẹ wò lánàá wò. Mọ́tò dé ẹnu géètì, ó fọn fèrè. Máígádì ṣí géètì. Mọ́tò wọlé. Ó páàkì. Ìyàwó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó, kò gbé e. A kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ìṣẹ́jú ti lọ, láti oṣù kìn-ín-ní 2025 tí ìjọba sì ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìṣẹ́jú yẹn ti di owó gidi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá fẹ́ gbóná, wọ́n ní ká lọ dúró de apá kejì. Òṣèré tó lè mú yín sunkún láàárín ìlà méjì wà nínú eré yẹn, wọ́n ní kó lọ máa ṣí géètì. Òun ni inú mi ń bí fún.

Ohun tí èmi ń ṣe: dátà òru ni mo máa ń rà, mo sì ń wà á sórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí apá kejì kò bá tíì jáde, mi ò ní fọwọ́ kan àkọ́kọ́.

*

Àbúrò mi tún padà wá: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì bínú sí The Woman King, ṣùgbọ́n màá wò ó. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, Jagun Jagun ló ń bẹ̀ mí fún. Ṣé kí n jẹ́ kó wò ó?"

Má jẹ́ kó wò ó. Eré náà dára fún àgbà. Femi Adebayo tó ṣe Ògúndìjì mọ bí agbára ṣe ń sọ ọ̀gá di ọ̀tá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Lateef Adedimeji sì ṣe Gbọ̀tìjà, ọmọ tó ń bá igi sọ̀rọ̀, láìṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n orí ń fò, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò ní rántí nǹkan mìíràn nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Iwájú ni kó o wá fún un, eré àwòrán tí ilé iṣẹ́ Disney àti àwọn Kugali ṣe ní 2024, ìsọ̀rí mẹ́fà kéékèèké lórí Èkó ọjọ́ iwájú, ọmọ olówó kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ nǹkan ẹ̀rọ tún ṣe. Bó ṣe ń bá ọ jókòó nídìí fóònù ní Tákíé yẹn, ọ̀rẹ́ yẹn ni yóò fẹ́ràn jù.